Ẹ Máa Ṣọ́nà: Bí Onígbàgbọ́ Ṣe Lè Wà Lójúfò Nípa Ti Ẹ̀mí

Orí àpáta gíga kan ni àwọn ará Sádísì kọ́ odi wọn sí, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Tọ́kì lónìí. Apá ibì kan wà lára àpáta náà tó ga fíofío débi pé wọn kò yan ẹ̀ṣọ́ kankan síbẹ̀. Ta ni yóò gba ibẹ̀ gùn? Ní nǹkan bí ọdún 546 ṣáájú ìbí Jésù, Kírúsì ọba Páṣíà dó ti ìlú náà. Herodotus, òpìtàn ará Gíríìsì, ròyìn pé ọmọ ogun Páṣíà kan rí ọkùnrin kan nínú odi tí àṣíborí rẹ̀ já bọ́, tó sọ̀ kalẹ̀ lọ mú un, tó sì tún gba ibẹ̀ padà sókè. Bí ọ̀nà ṣe là nìyẹn. Ibi tí kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ni wọ́n gbà wọlé. Ó lé ní 300 ọdún lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ ogun Áńtíókù Kẹta tún gba ibi tí ẹ̀ṣọ́ kò sí wọ ìlú kan náà. Ìjọ tó wà nínú ìlú yìí ni Jésù ránṣẹ́ sí nínú Ìfihàn 3 pé kó máa ṣọ́ra.

Ibi tí èèyàn mọ̀ pé òun kù díẹ̀ káàtó, ó sábà máa ń ṣọ́ ọ. Ibi tó dá a lójú pé òun kò lè ṣubú ni kì í ní ẹ̀ṣọ́. Ẹni tó ti jáwọ́ nínú ọtí láti ogún ọdún lè máa fi ẹnu pa ọmọnìkejì rẹ̀ lójoojúmọ́, kó má sì ka ìyẹn sí nǹkan kan. Ohun tí ẹ óò bá níhìn-ín ni bí a ṣe ń wá irú ibi bẹ́ẹ̀ rí, bí a ṣe ń yan ẹ̀ṣọ́ sí i, àti ohun tó máa ń mú kí ẹ̀ṣọ́ náà sùn lọ.

Ẹ jẹ́ ká yanjú ọ̀rọ̀ kan ná. Ìṣọ́ kì í ṣe àìsùn. Nínú Mátíù 25:5, àwọn wúńdíá mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló tòògbé, gbogbo wọn ló sùn, títí kan àwọn ọlọ́gbọ́n. Òróró tó wà nínú kólòbó ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Àwọn márùn-ún ti tọ́jú tiwọn kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́: ẹ wá ibi tí kò sí ẹ̀ṣọ́

Ẹ má tíì fi àdúrà kankan kún èyí tí ẹ ń gbà. Ẹ ra ìwé kékeré kan tó lè wọ àpò. Fún ọjọ́ méje, nígbàkígbà tí ẹ bá bínú kọjá ààlà, tí ẹ bá purọ́, tí ojú yín bá lọ síbi tí kò yẹ, tàbí tí ẹ bá sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn láìdáa, ẹ kọ nǹkan mẹ́rin sílẹ̀: aago mélòó ni, níbo ni, ta ló wà níbẹ̀, báwo ni ara ṣe rí. Ìlà kan péré ti tó. Báyìí ló lè rí:

Ọjọ́ Ajé, 6:40 ìrọ̀lẹ́, nínú bọ́ọ̀sì. Bú kọ̀ńdọ́. Ebi, kò jẹun láti àárọ̀.
Ọjọ́rú, 11:50 alẹ́, orí bẹ́ẹ̀dì. Fóònù. Òun nìkan, ó ti rẹ̀ ẹ́.
Ọjọ́ Ìsinmi, 2 ọ̀sán, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀rọ̀ ìyàwó alàgbà kan. Ara yá gágá.

Lọ́jọ́ kẹjọ, ẹ jókòó kà á. Ẹ óò rí i pé ìdánwò kì í wọlé nígbà gbogbo. Ó ní wákàtí tirẹ̀. Bíbélì pàápàá máa ń sọ wákàtí náà. Ebi ń pa Jésù lẹ́yìn 40 ọjọ́ ààwẹ̀ kí adánniwò tó dé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ búrẹ́dì. Ìgbà tí àwọn ọba máa ń lọ sójú ogun ni Dáfídì jókòó sí Jerúsálẹ́mù. Ìrọ̀lẹ́ ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí ibùsùn ni. Òtútù ń mú Pétérù, ó ń yáná láàárín àwọn àjèjì. Ẹ sì wo Èlíjà: ẹ̀yìn ìṣẹ́gun Kámẹ́lì ló lọ jókòó sábẹ́ igi, tó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Áńgẹ́lì tó wá bá a kò wàásù fún un. Oúnjẹ ló gbé fún un, ó jẹ, ó tún sùn, áńgẹ́lì náà tún jí i pé kó jẹun sí i.

Nítorí náà, ohun tí ẹ máa ṣe sí wákàtí yẹn lè má dà bí ohun ẹ̀mí rárá. Ẹni tí ebi ń sọ di oníbìínú, kó máa gbé ẹ̀pà tàbí búrẹ́dì sínú báàgì. Ẹni tí fóònù ń dè lóru, kó máa gbé e sẹ́nu ṣájà ní pálọ̀ láti aago mẹ́wàá, kó ra aago kékeré tó ń dún fún yàrá, nítorí “mo nílò fóònù láti fi jí” ni àwáwí tó wọ́pọ̀ jù lọ. Ẹni tí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ń kó bá, kó wá iṣẹ́ fún ọwọ́ rẹ̀: kó máa to àga, kó máa gba ìwé orin jọ. Nehemáyà 4:9 so méjèèjì pọ̀: wọ́n gbàdúrà, wọ́n sì yan ìṣọ́ lọ́sàn-án àti lóru. Àwa máa ń gbàdúrà gan-an. Yíyan ìṣọ́ ló máa ń kù.

Àṣìṣe mẹ́ta ló máa ń ba ìwé yìí jẹ́. Àwọn kan máa ń kọ ẹ̀ṣẹ̀ ńlá nìkan, nígbà tó jẹ́ pé àwọn kéékèèké ló ń fi ọ̀nà hàn. Àwọn kan máa ń fi ṣe ìyà fún ara wọn, wọ́n á kọ ojú ìwé mẹ́ta tó kún fún ẹkún, ó sì máa ń sú wọn lọ́jọ́ kẹrin. Àwọn mìíràn á sì gbé e síbi tí gbogbo ilé ti lè kà á. Ẹ lo lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ èèyàn dípò orúkọ, kí ẹ sì dáná sun ún tí ẹ bá ti rí ohun tí ẹ ń wá.

Ìṣọ́ òwúrọ̀

Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ti tó fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Wákàtí kan ni Jésù béèrè lọ́wọ́ àwọn mẹ́ta tó mú lọ sí Gẹtisémánì, wọn kò lè ṣe é. Kò sí ìdí tí ẹni tí kò ṣe rárá lánàá yóò fi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wákàtí méjì lónìí. Ẹ pín in báyìí:

1. Ìṣẹ́jú mẹ́ta: ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ẹ jókòó sórí àga. Ẹni tó bá ń gbàdúrà òwúrọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì á tún sùn.
2. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá: Bíbélì kíkà, sókè, kí etí gbọ́.
3. Ìṣẹ́jú márùn-ún: ẹ kọ ìlà méjì. Kí ni mo rí níbí? Kí ni màá ṣe lónìí nítorí rẹ̀?
4. Ìṣẹ́jú méjìlá: àdúrà, ní ìdúró tàbí ní rírìn, láti inú ohun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kà.

Ìlà kejì yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kọ dáadáa. “Màá túbọ̀ nífẹ̀ẹ́ àwọn èèyàn” kì í ṣe ohun tí èèyàn lè ṣe ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. “Màá pe ẹ̀gbọ́n mi tí a kò tíì sọ̀rọ̀ láti oṣù kejì” ló ṣeé ṣe. Kí ó ní orúkọ tàbí aago nínú, kí èèyàn lè mọ̀ lálẹ́ bóyá òun ṣe é àbí òun kò ṣe é.

Ní ti ohun tí ẹ óò kà, ẹ má kàn ṣí i síbi tó bá ṣí sí. Májẹ̀mú Tuntun ní orí 260: orí kan lójúmọ́, láti Ọjọ́ Ajé títí di Ọjọ́ Ẹtì, á parí ní ọ̀sẹ̀ 52. Gbogbo Bíbélì jẹ́ orí 1,189: orí mẹ́ta lójúmọ́ àti márùn-ún lọ́jọ́ Ìsinmi á parí rẹ̀ láàárín ọdún kan, ṣùgbọ́n ìyẹn kò lè wọ inú ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tí nǹkan bá le, tí ẹ̀ ń tọ́jú aláìsàn tàbí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹ lọ sí Sáàmù 119. Apá 22 ni wọ́n pín in sí, ẹsẹ mẹ́jọ-mẹ́jọ. Apá kan lóòjọ́, kò ju ìṣẹ́jú kan àbọ̀ lọ. Bíbélì Yorùbá tí Àjàyí Crowther ṣe olórí ìtumọ̀ rẹ̀ dùn létí ju bó ṣe rọrùn fún ojú lọ, ìyẹn ni kíkà á sókè fi ń gbani lọ́wọ́ oorun.

Bí ẹ bá pàdánù ọjọ́ mẹ́ta, ẹ má san gbèsè. Ẹni tó bá fẹ́ ka orí mẹ́ta àná mọ́ tòní máa ń sá fún ìwé náà pátápátá ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ti òní.

Fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru, bí ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa tó ń tọ́jú arúgbó ní Ìlú Ọba àti ní Amẹ́ríkà, aago mẹ́ta ọ̀sán lè jẹ́ òwúrọ̀ tirẹ̀. Kò sí ẹ̀bi níbẹ̀. Ìṣọ́ tẹ̀ lé ìgbà tí èèyàn jí, bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú náà bá ti ṣáájú ìròyìn àti WhatsApp.

Láàárín ọjọ́

Dáníẹ́lì ń kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́. Ẹ so tiyín mọ́ ohun tí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀: títi ilẹ̀kùn ilé, oúnjẹ ọ̀sán, wíwọ ọkọ̀ padà sílé. Ìṣẹ́jú kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àdúrà èémí kan tún wà, irú èyí tí Nehemáyà gbà láàárín ìbéèrè ọba àti èsì tó fún un (Nehemáyà 2:4, 5). Kó tó dáhùn, ó ti gbàdúrà, ọba kò sì mọ̀. Irú àdúrà bẹ́ẹ̀ ló wúlò nígbà tí ọ̀gá bá ní kí ẹ yí iye owó inú rìsíìtì padà, nítorí kò sí àyè láti lọ kúnlẹ̀ níbòmíràn.

Lálẹ́, kí ẹ tó sùn

Ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá. Ẹ padà sí ìlà kejì ti òwúrọ̀: ṣé mo ṣe é? Ẹ rántí ibi kan tí Ọlọ́run ti ràn yín lọ́wọ́ lónìí, kí ẹ dárúkọ rẹ̀. Ẹ dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ náà gan-an, láìfi ọ̀rọ̀ bò ó. Bí ìjà bá wà láàárín tọkọtaya tàbí òbí àti ọmọ, ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó dùbúlẹ̀. Éfésù 4:26 kò fún ìbínú láyè ju ìwọ̀ oòrùn lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá gùn tí oorun sì ti ń kun àwọn méjèèjì, ẹ dá aago fún un: “Ọ̀la, aago méje, a ó yanjú ẹ̀.” Ìyẹn dára ju ká máa bá a lọ títí di aago méjì òru, tí ohun tí a kò ní lọ́kàn á fi máa jáde lẹ́nu.

Lẹ́yìn náà, ẹ sùn. Àgbàlagbà nílò oorun wákàtí méje ó kéré tán, ẹni tí kò bá sì sùn tó máa ń bínú kíá, ó sì máa ń ka Bíbélì láìlóye. Sáàmù 127 sọ pé Ọlọ́run ń fún olùfẹ́ rẹ̀ lójú oorun.

Ìṣọ́ òru

Láti ìbẹ̀rẹ̀ Kérúbù àti Séráfù ní 1925 àti ìsọjí Òkè-Ooyè ní Iléṣà ní 1930, ìṣọ́ òru ti wọ àwọn onígbàgbọ́ Yorùbá lára, ó sì dára. Ṣùgbọ́n ó ní bí a ṣe ń múra fún un. Fún ìdílé tàbí ẹgbẹ́ kékeré, òru Ọjọ́ Ẹtì mọ́jú Àbámẹ́ta ló dára jù, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí aago kan òru. Ẹ sùn fún wákàtí kan àbọ̀ lọ́sàn-án. Ẹ jẹun ní aago méje, oúnjẹ fúyẹ́. Ẹni tó bá jẹ iyán ní aago mẹ́sàn-án ti ṣètò oorun rẹ̀ fúnra rẹ̀. Orin ogún ìṣẹ́jú, Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà kókó àdúrà márùn-ún tàbí mẹ́fà, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí orin àti omi mímu wà láàárín wọn. Bí kókó bá ju mẹ́fà lọ, ariwo nìkan ló máa ń kù. Ẹ ṣí fèrèsé. Nínú Ìṣe 20, yàrá òkè tí fìtílà pọ̀ nínú rẹ̀ ni Yútíkọ́sì jókòó sí lójú fèrèsé, Pọ́ọ̀lù fi ìwàásù fa ọ̀rọ̀ gùn, ọmọ náà sùn, ó sì já bọ́ láti àjà kẹta. Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ni oníwàásù, ọmọ náà ṣì sùn.

Ewu rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń pani. Kí jẹnẹrétọ̀ wà níta gbangba, jìnnà sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, nítorí èéfín rẹ̀ kì í pariwo kó tó pa ẹni tó ń sùn. Kí àbẹ́là dúró nínú agolo tó ní iyanrìn, kì í ṣe lórí kápẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́tìnì. Ẹni tí oorun ti wọ̀ lójú kò gbọ́dọ̀ wa ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà lọ sílé lóru náà. Kó sùn sórí bẹ́ǹṣì títí ilẹ̀ á fi mọ́. Àti gbohùngbohùn: ẹni tí kò lè sùn ládùúgbò nítorí àdúrà yín kò ní gbọ́ ìhìn rere lẹ́nu yín. Ní Ìlú Ọba, òfin ariwo òru bẹ̀rẹ̀ láti aago 11 alẹ́ sí 7 òwúrọ̀, ìjọba ìbílẹ̀ sì lè bu owó ìtanràn lé ẹni tó bá kọtí ikún sí ìkìlọ̀.

Ààwẹ̀

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀ sí aago méjìlá ọ̀sán, ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹ wá sún un dé aago mẹ́ta, lẹ́yìn náà dé mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ẹ máa mu omi. Orí fífọ́ tó máa ń dé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ sábà máa ń jẹ́ ti kọfí tàbí obì tí ara ń béèrè, kì í ṣe ogun ẹ̀mí. Ẹ dín wọn kù ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Ẹ fi ẹ̀kọ tútù tàbí èso ṣínu, kí oúnjẹ líle tẹ̀ lé e lẹ́yìn wákàtí kan. Aboyún, abiyamọ tó ń fún ọmọ lọ́mú, ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tàbí ọgbẹ́ inú, ẹni tó ń lo oògùn lójoojúmọ́: ẹ bi dókítà léèrè ṣáájú, ẹ má sì dá oògùn dúró nítorí ààwẹ̀. Ẹni tí kò lè fi oúnjẹ sílẹ̀ lè fi fóònù sílẹ̀ láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, èyí tó le ju ebi lọ fún ọ̀pọ̀ wa. Aísáyà 58:4 ti sọ ohun tó máa ń ba ààwẹ̀ jẹ́: ìjà. Bí ilé bá ń gbóná nítorí pé bàbá ń gbààwẹ̀, kí bàbá jẹun.

Nígbà tí àlá tàbí àsọtẹ́lẹ̀ bá dé

Níhìn-ín ni a ti ń fi ìfura pe ìṣọ́ra. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣọ́ ìyá arúgbó tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tí wọn kò sì ṣọ́ ọkàn ara wọn fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀kọ́ Bíbélì ni pé kí a má kẹ́gàn ìsọtẹ́lẹ̀, kí a sì wádìí ohun gbogbo dájú (1 Tẹsalóníkà 5:20, 21). Báyìí la ṣe ń wádìí:

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, pẹ̀lú déètì, bí ẹ ṣe gbọ́ ọ, láìfi ìtumọ̀ kún un. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìrántí á ti yí i padà, bí ẹ kò bá kọ ọ́. Ẹ wò ó bóyá ó bá Ìwé Mímọ́ mu, kì í ṣe ẹsẹ kan tí wọ́n já gbà, bí kò ṣe gbogbo orí náà. Ohun tí àwọn ará Bèríà ṣe fún Pọ́ọ̀lù nìyẹn nínú Ìṣe 17:11. Ẹ bi í pé: ta ni yóò jèrè níbẹ̀? Bí ó bá ń béèrè owó kíákíá, tàbí tó ní kí ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni, tàbí tó fi ìka kan ìyá, ìyá ọkọ tàbí ọmọ ọ̀dọ̀ pé òun ni àjẹ́, ẹ dá a dúró síbẹ̀. Ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ ti fọ́ ilé, ó ti lé ọmọdé sí títì. Ẹ gbé e tọ àgbà méjì lọ nínú ìgbàgbọ́, àwọn tí kò ní èrè nínú rẹ̀. Bí kò bá ṣẹ, Diutarónómì 18:22 ní kí a má bẹ̀rù ẹni tó sọ ọ́.

Alájọṣọ́

Jésù fúnra rẹ̀ mú mẹ́ta dání lóru ọjọ́ náà. Ẹ yan ẹnì kan, ọkùnrin fún ọkùnrin, obìnrin fún obìnrin, ẹni tí kò ń jẹun lọ́wọ́ yín tí kò sì bẹ̀rù yín. Ìpè ogún ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, ìbéèrè mẹ́rin: Kí lo kà? Níbo lo ti ṣubú? Ta ni o ń bínú sí? Ṣé òótọ́ lo sọ fún mi lórí mẹ́ta yẹn? Ìbéèrè kẹrin ló ń ṣiṣẹ́. Àwọn aṣáájú ìjọ ló sábà máa ń wà láìní alájọṣọ́, nítorí pé gbogbo èèyàn rò pé ibi tí wọ́n dúró sí ti ga jù. Ẹ rántí àpáta Sádísì.

Bí ó bá ti pẹ́ tí ẹ ti sùn

Lẹ́tà tí Jésù kọ sí ìjọ yẹn kò ní kí wọ́n lọ bẹ̀rẹ̀ ohun tuntun. Ó ní: “Fi ẹsẹ̀ ohun tí ó kù múlẹ̀.” Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wá ohun tó kù. Fún ẹlòmíràn, àdúrà orí oúnjẹ nìkan ni. Kó fà á gùn láti èémí kan dé ìṣẹ́jú kan fún ọ̀sẹ̀ kan. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, kó ka ẹsẹ Sáàmù kan kó tó gbà á. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, kó jí ní ìṣẹ́jú márùn-ún ṣáájú ìgbà tó máa ń jí, kó ka ẹsẹ yẹn pẹ̀lú èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá jẹ́ pé orin ọjọ́ Ìsinmi nìkan ló kù sí lọ́wọ́, kó kọ ẹsẹ kan lára rẹ̀ sórí pépà, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ dígí tó fi ń wo ojú, kó sì máa kọ ọ́ lórin láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, kó tó fọ ẹnu.